Màmá ẹlẹ́lùbọ́ inú Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́: oṣù márùn-ún tí mo fi ń rajà lọ́wọ́ wọn

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Arákalẹ̀ wọ Ọjà Ọba, tí ẹ kọjá àwọn tó ń ta ẹja gbígbẹ, tí ẹ sì yà síbi tí ariwo ẹ̀rọ ìlọta kì í ti jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sọ, ẹ óò rí ìyá àgbàlagbà kan lórí àpótí, tí ọpọ́n ńláńlá méje tò síwájú wọn. Kò sí pátákó orúkọ lókè ìsọ̀ náà. Màmá ẹlẹ́lùbọ́ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ọjà wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ta ẹ̀lùbọ́ iṣu, ìrẹsì ọ̀fadà, ẹ̀wà olóyin, ọkà bàbà, jéró àti pupuru tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo ti ń rajà níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí, èyí tó dáa àtèyí tó kù díẹ̀ káàtó, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn nínú Àkúrẹ́ yìí ló wà nípò tí mo wà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀.

Aránṣọ ni mí, ọ̀nà Ìjọ̀kà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, orí àga nídìí ẹ̀rọ ni mo ń wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oúnjẹ ọ̀sán mi kò ju búrẹ́dì funfun àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lọ, torí ó yá, kì í sì í ta epo sí aṣọ oníbàárà. Alẹ́ ni mo ń jẹun gan-an: ìrẹsì funfun tí mo bù rẹpẹtẹ, dòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n tó lọ sùn.

Ní oṣù kẹta, àwọn nọ́ọ̀sì kan wá ṣe àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti ní ká má jẹun wá. Nígbà tí wọ́n gún mi níka, 118 ló jáde (mg/dL ni ẹ̀rọ wọn fi ń kà á, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo nọ́ńbà ṣúgà tí mo kọ síbí). Nọ́ọ̀sì náà rọra ṣàlàyé fún mi pé bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò bá tó 100 láàárọ̀ kéèyàn tó fẹnu kan nǹkan, kò séwu. Bó bá wà láàárín 100 sí 125, ìkìlọ̀ ni. Bó bá di 126 lọ sókè, tí wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ mìíràn tó tún rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ nìyẹn. Àtọ̀gbẹ ló pa ìyá tó bí ìyá mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn, èmi ni mo sì máa ń bá wọn gbé omi ìwẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi kankan gbé omi bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ rí gbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi dùbúlẹ̀. Ẹnìkan ní kí n má jẹ iyán mọ́ láyé. Òmíràn ní ẹ̀bà ni ikú mi. Ẹ̀kẹta ní kí n pa gbogbo oúnjẹ tó ń fúnni lágbára tì, kí n máa jẹ ẹyin àti ẹ̀fọ́ nìkan. Mo gbìyànjú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Orí ń fò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo sì gé àǹkárá oníbàárà kan kúrú ní ìka mẹ́rin. Mo ra òmíràn fún un láti inú àpò mi. Ìyá Ṣadé, tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ fara kanra, ló wo ojú mi tó ní, “Ìyá Tóbi, ìwọ náà kúkú mọ̀ pé èèyàn kì í fi ebi wo àìsàn. Tẹ̀ lé mi lọ sọ́jà lọ́la.”

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Màmá nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sọ ohun tó ń ṣe mí. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé o kò gbọ́ ohun tí àwọn àgbà sọ ni? Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Oògùn rẹ ni mò ń tà.” Àmàlà ni òwe náà ń pè ní ọkà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣì máa padà sórí rẹ̀, torí ó ní ibi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun ni mo tìtorí rẹ̀ lọ. Màmá kì í bu ẹ̀lùbọ́ tó ti wà ní lílọ̀ fún ẹni tó bá lè dúró. Àpò ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ wà lẹ́yìn wọn, tí wọn ò tíì lọ̀. Wọ́n fọwọ́ wa inú àpò, wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n gbé e sẹ́bàá etí mi, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí méjì. Ó dún pàkà. “Ṣé o gbọ́? Èyí tí kò gbẹ dénú kì í dún, títẹ̀ ló máa ń tẹ̀.” Wọ́n wá fi inú rẹ̀ hàn mí lójú oòrùn. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò sí ojú kan tó bu níbẹ̀. Wọ́n ní kí n fi ahọ́n kan án. Kò dùn rárá. Ó kàn há mi lẹ́nu díẹ̀, bí ìgbà téèyàn jẹ èso tí kò gbó. Bó bá dùn, wọ́n ní a jẹ́ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ti ń pọ́n kí wọ́n tó bó o.

Adùn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Sítáàṣì, ìyẹn èròjà afúnnilágbára irú èyí tó wà nínú iṣu àti ẹ̀gẹ́, ló pọ̀ jù nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, apá kan nínú sítáàṣì náà sì le tí ìfun kì í lè dà á tán. Bó bá ti ń pọ́n ni sítáàṣì ń yí padà di ṣúgà. Ìdí nìyẹn tí dòdò fi ń dùn. Nítorí náà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà lórí igi kan náà, ọjọ́ tí wọ́n gé e ló ń sọ irú oúnjẹ tó máa jẹ́ nínú ara. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Màmá ń ti oko kòkó lọ́nà Ìdànrè wá. Ẹni tó bá dàgbà lóko kòkó mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àgbẹ̀ ń gbìn láti fi ṣíji bo kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, torí náà ibi tí kòkó bá wà ní ìpínlẹ̀ wa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í jìnnà síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo yan tèmi tán, wọ́n rán ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ wọn lọ lọ̀ ọ́ níṣojú mi. Ó ṣì gbóná nígbà tí wọ́n dà á sínú ọ̀rá. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá délé kí n tú u sórí atẹ́ kí ooru rẹ̀ lọ, torí bí mo bá so ó ní gbígbóná, á làágùn, á sì bu. Ìṣọ́ra báyìí ni mo rí tí mi ò rí níbòmíràn. Ìsọ̀ kan wà tí mo ti rà á tẹ́lẹ̀, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Nígbà tí mo ro ti wọn, ó funfun, ó sì ń fà bí ohun tí wọ́n po láfún mọ́. Ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gidi kì í funfun lórí iná. Bí omi gbígbóná bá ti bà á, á ṣú, á mú àwọ̀ ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, òórùn rẹ̀ á sì kún ilé ìdáná. Ti Màmá kò tíì já mi kulẹ̀ rí lórí èyí, ìgbà mẹ́sàn-án ni mo sì ti rà á.

Owó rẹ̀ kò kéré. Kóńgò ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ́dọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì kóńgò láfún, kò sì sí bí mo ṣe ná an tí wọ́n gbà ju igba náírà lọ kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wọn ọjà kó kún, kó tún rọ́ lórí, wọ́n á sì bu ènì sí i láìjẹ́ pé mo tọrọ.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ “ọkà loògùn”. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà nílé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún ara mi níka ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà. Ìrẹsì funfun pẹ̀lú dòdò àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bí mo ṣe máa ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, gbé mi dé 196. Ẹ̀rù bà mí. Lọ́jọ́ kejì mo ro àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ Màmá, mo jẹ òkèlè ńlá méjì tó kún àwo pẹ̀lú ewédú ṣíbí díẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ pé oògùn ni mo jẹ. 172 ni mo rí. Mo tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta: àmàlà tí kò ju ìkúùkù ọwọ́ mi kan lọ, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ rírò tó gba ìdajì àwo, ẹja kíkà méjì. 138.

Ẹ̀lùbọ́ kan náà ni o, láti inú ọ̀rá kan náà. Mo gbé ìwé mi lọ bá nọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn, ó sì là mí lóye. Sítáàṣì yówù tí ì báà jẹ́, ti iṣu, ti ẹ̀gẹ́, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣúgà ló ń dà nínú ikùn nígbẹ̀yìn. Bó ṣe tètè dà á àti bó ṣe pọ̀ tó ló yàtọ̀. Sítáàṣì líle tí mo sọ pé ó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù, púpọ̀ rẹ̀ ń rọ̀ nígbà tí omi gbígbóná bá se ìyẹ̀fun rẹ̀. Ohun téèyàn bá lọ̀ kúnná, ikùn kì í ṣe làálàá kó tó dà á. Ẹ̀fọ́ àti ẹja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n David Jenkins àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Toronto, ní Kánádà, ló gbé òdiwọ̀n kan jáde lọ́dún 1981 láti fi mọ bí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ṣe ń tètè gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè: wọ́n fi glúkóòsì gangan, ìyẹn irú ṣúgà tó ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, ṣe 100, èyí tó bá wà ní 55 sísàlẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, èyí tó bá ti 70 lọ sókè ń sáré. Ó wá ní kí n má torí nọ́ńbà yẹn gbàgbé àwo mi, torí oúnjẹ tó ń lọ jẹ́jẹ́, béèyàn bá bù ú ní òkè, òkè náà ló máa bá lára.

Ibi tí èmi àti Màmá ti jà nìyí, bí mo bá lè pè é ní ìjà. Wọ́n ń sọ fún oníbàárà pé ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń wo àtọ̀gbẹ. Mo bá wọn sọ ọ́ ní ìdákọ́ńkọ́, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń lo oògùn ilé ìwòsàn, torí ó lè jù ú nù.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní oníbàárà ló ń fẹ́ gbọ́ ọ. Mi ò rò pé wọ́n ti ṣíwọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ ra ẹ̀lùbọ́ náà, torí ó dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má pa oògùn yín tì nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ bá gbọ́ nídìí ọpọ́n.

Ọjà tó yí ilé mi padà jù ni ẹ̀wà, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa rin ìrìn àjò wá sí Ọjà Ọba nítorí ẹ̀wà. Ẹ̀wà olóyin ni wọ́n ń tà, pupa, kékeré, tí wọ́n ti ṣà kí wọ́n tó gbé e jáde. Mo rí i tí ọmọbìnrin yẹn ń ṣà á: ó da á sórí atẹ́, ó ń fi ìka méjì yọ òkúta àti èyí tí kòkòrò ti lu, bí ẹni tó ń tú okùn lára aṣọ. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń jiná lórí sítóòfù mi, kì í sì í fọ́ yángayànga.

Lọ́jọ́ tí mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo pupa díẹ̀, àlùbọ́sà àti ẹja gbígbẹ, láìfi ṣúgà sí i, 124 ni mo rí lẹ́yìn wákàtí méjì. Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Mo tún gún ìka mìíràn. 126. Èèyàn sì yó, mi ò wá nǹkan kan jẹ títí di alẹ́. Ohun tó fà á kò fara sin. Ife ẹ̀wà sísè kan ní nǹkan bíi giráàmù 11 fáíbà nínú, ìyẹn ohun gbágbágbá inú oúnjẹ tí ìfun kì í dà, tó ń mú kí ṣúgà máa wọ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ife ìrẹsì funfun sísè kan kò ní ju ìdajì giráàmù àti díẹ̀ lọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2023 pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa jẹ fáíbà tí kò dín ní giráàmù 25 lójúmọ́, kí oúnjẹ afúnnilágbára rẹ̀ sì máa wá jù láti ara ọkà tí wọn kò bó, ẹ̀fọ́, èso àti irú ẹ̀wà. Orílẹ̀-èdè wa ló ń gbin irú ẹ̀wà yìí jù lọ láyé, síbẹ̀ a ń tọ́jú rẹ̀ bí oúnjẹ ọmọ ilé ìwé. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ń fi búrẹ́dì ńlá kan àti ṣúgà ṣíbí mẹ́ta jẹ ẹ́. Ohun tí ẹ̀wà ń kó bọ̀, búrẹ́dì náà ti gbà á lọ.

Ọkọ mi kọ́kọ́ ráhùn pé inú ń kùn òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ẹ̀wà náà mọ́jú, mo da omi rẹ̀ nù kí n tó gbé e ka iná, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ní báyìí, a ń jẹ ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀: lọ́jọ́ kan àdàlú, lọ́jọ́ kan mọ́ínmọ́ín, tí Tóbi bá sì wà nílé á ní ká fi gbẹ̀gìrì sórí ohunkóhun tí a bá rò.

Ìrẹsì ọ̀fadà ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì bínú sí i. Ọ̀fadà, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ló sọ ọ́ lórúkọ. Èèpo pupa tó wà lára rẹ̀, tí ẹ̀rọ kò bó tán, níbẹ̀ ni fáíbà àti fítámì̀n B rẹ̀ wà. Nígbà tí wọ́n bá bó ìrẹsì di funfun gbòò, èyí tó dára jù ló ń bá èèpo lọ. 151 ni mo rí pẹ̀lú àwo kan tó mọ níwọ̀n, ata àti ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀. Ó sàn ju funfun lọ fún mi, ṣùgbọ́n kò tó ẹ̀wà. Òkúta inú rẹ̀ ni ìṣòro. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọkọ mi jẹ ọ̀kan, ó tu oúnjẹ jáde, ó dìde kúrò nídìí tábìlì. Ẹ̀bi yẹn ti Màmá ni, torí wọ́n sọ fún mi pé ó mọ́. Láti ìgbà náà, mo ń da á sínú igbá méjì, mo ń fi omi ṣàn án láti inú ọ̀kan sí èkejì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí márùn-ún. Ìrẹsì á bá omi lọ, òkúta á kù sísàlẹ̀. Bí ẹ kò bá ní àyè fún èyí, ẹ máà rà á níbẹ̀.

Pupuru wọn dára, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Ìkálẹ̀, ó ní òórùn èéfín tó yẹ kó ní, wọ́n sì ti ha ara dúdú rẹ̀ kúrò. Ẹ̀gẹ́ ni o. Ohun tí mo sọ nípa ìkúùkù ọwọ́ kan kan òun náà, ó sì kan iyán tí àwa ará Àkúrẹ́ kò lè ṣe láìjẹ. Mo ṣì ń jẹ iyán lọ́jọ́ Àìkú. Kì í ṣe torí pé mo ń bẹ̀rù rẹ̀ ni mo ṣe ń bu kékeré. Mo bu ẹ̀fọ́ púpọ̀ kí àyè rẹ̀ lè kéré.

Ọkà bàbà ni mo fi ń ṣe ògì fún àwọn ọmọ. Ní ilé wa tẹ́lẹ̀, a máa ń sẹ́ ògì tó fi dà bíi mílíìkì, a ó sì da eèrí rẹ̀ fún adìyẹ. Màmá ló ní kí n má sẹ́ ẹ lójú mọ́lẹ̀, kí n lo asẹ́ ojú ńlá kí eèrí díẹ̀ lè kù sínú rẹ̀. Ògì náà wúwo ju ti tẹ́lẹ̀, kò sì dán, àbíkẹ́yìn mi ní ó ń ta òun lọ́fun, ó ṣì ń kùn. Ẹ̀kọ tí mo dì nínú ewé pẹ̀lú rẹ̀ ni gbogbo wa fẹ́ràn. Nọ́ọ̀sì sọ pé sítáàṣì tí wọ́n sè, tó wá tutù tó dì, apá kan rẹ̀ máa ń padà le, kì í sì í tètè dà mọ́. Àwọn tó ní “àìrí rárá là ń jẹ̀kọ” kò ka ẹ̀kọ sí tó bó ṣe yẹ, lójú tèmi.

Jéró ni ẹ má rà níbẹ̀ lásìkò òjò. Èyí tí mo rà ní oṣù keje, kòkòrò ti wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo tú u sórí atẹ́, ó ń rìn. Mo gbé e padà. Màmá kì í fẹ́ gba ọjà padà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ gan-an nítorí rẹ̀, pé ilé mi ló ti kó o. Níkẹyìn wọ́n fi ẹ̀wà pààrọ̀ ìdajì rẹ̀ fún mi. Mi ò gbàgbé ìdajì kejì.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lọ: wọn kì í gba tíránsífà, owó lọ́wọ́ ni, ẹ sì mọ bí owó lọ́wọ́ ṣe máa ń ṣòro rí nígbà mìíràn. Wọn kì í wá lọ́jọ́ Àìkú. Bí ẹ bá dé lẹ́yìn aago mẹ́rin, ẹ̀rọ ti máa ń kú, ẹ ó wá ra èyí tó ti wà ní lílọ̀. Kò sí ibi ìjókòó, kò sí ìbòòji tó dáa, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń di ẹrẹ̀ tí òjò bá rọ̀. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ṣúgà yín ga, torí ọgbẹ́ ẹsẹ̀ kì í ṣe nǹkan tí ẹ lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ọtí ẹlẹ́rìndòdò nìkan ni mo gbé jù sílẹ̀ pátápátá. WHO ní kí ṣúgà tí wọ́n fi kún oúnjẹ tàbí ohun mímu wa má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá okun tí a ń jẹ lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi giráàmù 50, tàbí ṣíbí tíì méjìlá. Mo ka ẹ̀yìn ìgò tí mo máa ń mu lọ́sàn-án, mo rí i pé kò kù púpọ̀ kí ìgò kan ṣoṣo gbà á tán, kí n tó jẹ búrẹ́dì. Omi ni mo ń mu báyìí, mo sì ń gbé mọ́ínmọ́ín méjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù nínú kúlà. Aṣọ oníbàárà kò tíì rí epo.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo tún yẹ ara mi wò láàárọ̀, kí n tó mu omi pàápàá. 103. Kò tíì wọ abẹ́ 100, nọ́ọ̀sì sì ní kí n máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ kún un, torí náà mo ń fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀nà Ìjọ̀kà lọ sílé nírọ̀lẹ́. Gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ síbí, ara tèmi ni wọ́n ti wá, ti ẹlòmíràn lè yàtọ̀. Ẹni tó bá ti wà lórí oògùn gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà.

Bí mo bá ní kí n fún ìsọ̀ yìí ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni màá fún un: wọ́n pàdánù kan nítorí òkúta àti kòkòrò, wọ́n pàdánù èkejì nítorí ọ̀rọ̀ pé ẹ̀lùbọ́ ń wo àtọ̀gbẹ. Màá ṣì padà lọ ní Ọjọ́bọ̀, torí ẹ̀wà ilé ti ń tán. Tí ẹ bá lọ, ẹ tètè dé kí aago mẹ́wàá tó lù, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má sì ra ti inú ọpọ́n iwájú. Ẹ bèèrè èyí tó wà nínú àpò lẹ́yìn wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹyọ kan sí yín létí.